Bọ́tìnnì mẹ́rin lórí ẹ̀wù kan: bí a ṣe ń ṣe àyẹ̀wò àti ìwé ẹ̀rí ọjà ọmọdé láti Ọ̀yọ́ lọ sókè òkun

Ẹ̀wù òfì ọmọdé ogójì la rán lọ́dún náà, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì, l'Ọ̀yọ́ níbí. Ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì mẹ́rin, aláwọ̀ góòlù, tó ń dán bí ojú ẹja tútù. Ẹni tó fẹ́ rà wọ́n l'Amẹ́ríkà ní òun ò ní sanwó àfi tí ilé àyẹ̀wò bá ti yẹ ọ̀kan wò. Òfì yege. Òwú ìránṣọ yege. Bọ́tìnnì kùnà: òjé wà nínú ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún. Ọgọ́jọ bọ́tìnnì ni mo jókòó tú kúrò, tí ìyá mi ń wò mí tìyanu-tìyanu pé, "Ṣé torí bọ́tìnnì náà ni?"

Torí bọ́tìnnì náà ni o, Màámi.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ilé àyẹ̀wò ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjà Akẹ̀sán ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níwájú ìsọ̀ ẹni tó ń ta bọ́tìnnì. Ohun tí ẹ ò bá fi sára ọjà, kò sẹ́ni tó máa gbowó lọ́wọ́ yín láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ìyókù, torí ó máa dín owó tẹ́ ẹ máa ná kù ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi le tó báyìí?

Òjé tí wọ́n ń bẹ̀rù yìí kò ṣàjèjì sí wa. Òun làwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Àgbà kì í ki ẹ̀gbà bọ ẹnu jẹ. Ọmọdé kò mọ̀ ju pé kó ki nǹkan bọ ẹnu lọ. Tó bá ti wọ ara ọmọ, ọpọlọ ló ń bà jẹ́, kò sì sí oògùn tó ń dá ohun tó ti bàjẹ́ níbẹ̀ padà. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ọmọdé tó lé ní 400 ló kú látàrí òjé inú erùpẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Tìróò tí à ń lé sójú ọmọ tuntun náà ń kọ́? Lọ́dún 2012, àjọ CDC tó ń dènà àrùn l'Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde nípa ọmọ ọwọ́ kan ní Boston tí òjé wọ̀ lẹ́jẹ̀, tìróò láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà sun ẹkún kí wọ́n tó ṣòfin. Lọ́dún 2006, ọmọ ọdún mẹ́rin kan ní Minnesota gbé ohun ọ̀ṣọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ kan mì, ó sì kú. Òjé ni ohun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkèdélẹ̀. Nígbà tó di 2007, ohun ìṣeré ọmọdé tí òjé wà nínú ọ̀dà ara wọn ni wọ́n ń kó kúrò lórí igbá ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù. Ní oṣù Kẹjọ 2008, wọ́n fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní CPSIA. Òfin yẹn, tí CPSC, àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà tí aráàlú ń rà, ń mójú tó, lẹ máa bá pàdé jù tẹ́ ẹ bá ń ta ọjà sí Amẹ́ríkà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ sọ irú ohun tó jẹ́, àti ọjọ́ orí ọmọ tó wà fún

L'Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ ni ọjà ọmọdé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ohun tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 máa fi ṣeré ni ohun ìṣeré. Àwọn kan ń rò pé àwọn gbọ́n: wọn á ya àwòrán erin àti ìjàpá sára igbá kékeré, wọn á kọ "ẹ̀ṣọ́ ilé" sí i. Kò bójú mu. Àwọn aláṣẹ á wo bí ẹ ṣe ń polówó rẹ̀, àwòrán tó wà lára páálí, àti ohun tí gbogbo ayé mọ nǹkan náà sí. Tí àwòrán tí ẹ fi polówó bá jẹ́ ti ọmọ ọwọ́ tó ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ohun ìṣeré ọmọ ọwọ́ ni.

Ọjọ́ orí ló ń sọ iye àyẹ̀wò. Ọjà ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ló nira jù, torí ohunkóhun tó bá kéré tó láti há ọmọ lọ́fun kò gbọdọ̀ wà lára rẹ̀ tàbí já kúrò lára rẹ̀. Èmi ò ṣe ohun ìṣeré ọmọ ọwọ́ mọ́. Mo fẹ́ràn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré, ó sì ń tà, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìlẹ̀kẹ̀ lóde, okùn tó so ìlẹ̀kẹ̀, hóró inú rẹ̀, àti orí igbá tí kò gbọdọ̀ wọ inú ẹnu ọmọ kọjá ibì kan. Wọ́n ní ihò tí wọ́n fi ń dán ohun ìmìpariwo ọmọ ọwọ́ wò, ìbú rẹ̀ mílímítà 35, gígùn rẹ̀ 50, jíjìn rẹ̀ 30. Orí nǹkan náà kò gbọdọ̀ wọ ihò náà já sódì kejì. Èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló lè mú kẹ́ ẹ kùnà. Ẹ̀wù ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́wàá ni mo gbájú mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ orílẹ̀-èdè tí ẹ ń kó o lọ, kẹ́ ẹ sì jáwọ́ nínú SONCAP

Mo ti rí ẹni tó ń fi ọjọ́ mélòó kan wá ìwé ẹ̀rí SONCAP kiri kó lè kó ọjà jáde. SONCAP wà fún ọjà tó ń wọ Nàìjíríà láti ìta. MANCAP ni SON, àjọ tó ń rí sí ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, fi ń yẹ ọjà tí a ṣe nílé wò; ó dára kéèyàn ní in, ṣùgbọ́n kò rọ́pò ohun tí Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù ń béèrè.

Amẹ́ríkà ń fẹ́ àyẹ̀wò láti ilé àyẹ̀wò tí CPSC fọwọ́ sí, àti ìwé tí wọ́n ń pè ní Children's Product Certificate, CPC. Fún ohun ìṣeré, ìlànà ASTM F963 ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ní Yúróòpù, ìlànà EN 71 ni ti ohun ìṣeré, àmì CE, tó ń sọ pé ó bá òfin Yúróòpù mu, sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, kí gíga rẹ̀ má dín ní mílímítà 5. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi CE sára ẹ̀wù. Ẹ̀wù kì í ṣe ohun ìṣeré, àmì tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní àmì UKCA tiwọn, wọ́n ṣì ń gba CE lára ohun ìṣeré.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ gbogbo ohun tó wà lára ọjà sílẹ̀, títí kan gúlù

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ mú ìwé, ẹ fa ìlà méjì. Lápá òsì, ẹ kọ ohun tó wà lára ọjà náà: òwú, aró, bọ́tìnnì, sípù, rọ́bà, ìlẹ̀kẹ̀, gúlù, fáníìṣì. Lápá ọ̀tún, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti rà á àti ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á.

Òfin Amẹ́ríkà sọ pé òjé inú ohunkóhun tí ọwọ́ ọmọ lè kàn kò gbọdọ̀ ju 100 ppm lọ. Nínú ọ̀dà àti ohun tí a fi kun ara nǹkan, 90 ppm. Ìtumọ̀ 100 ppm ni pé nínú kìlógíráàmù kan, òjé kò gbọdọ̀ ju miligíráàmù 100 lọ. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ àwọn ohun kan sílẹ̀, tí wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò fún òjé: igi tí a kò kùn, òwú, sílíìkì àti irun àgùntàn, yálà a pa wọ́n láró tàbí a ò pa wọ́n láró, awọ tí a kò fi nǹkan mìíràn kùn, ìyẹ́, egungun, ìkarahun. Ẹ ò rí i pé bí ẹni pé Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́! Òfì tí a hun pẹ̀lú òwú lásán, tí a fi okùn aṣọ náà dè dípò bọ́tìnnì, kò ní òjé kan tí wọ́n máa wá. Tí ẹ bá tẹ àwòrán sí i, tàbí tí ẹ hun òwú tó ń dán yanran mọ́ ọn, àǹfààní yẹn ti bọ́ nìyẹn fún apá ibẹ̀.

Bàbá kan tó ń fín igbá bínú sí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. "Ọmọ mi, igbá tí wọ́n fi bọ́ bàbá ńlá mi, ṣé òyìnbó ló máa wá sọ pé ó lè pa ọmọ?" Mo kúnlẹ̀ fún un nínú ọkàn mi kí n tó fèsì. Mo ní, "Bàbá, igbá yín ò ṣe nǹkan kan. Fáníìṣì tẹ́ ẹ rà nínú agolo tí kò lórúkọ ni wọ́n ń bi yín." Ó ń fi epo tí wọ́n ń jẹ dán igbá rẹ̀ báyìí.

Awọ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, pàápàá tí bàtà tàbí sálúbàtà ọmọ bá ń lọ Yúróòpù. Láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2015, kíròmù VI, oríṣi kíròmù tó léwu, tí ó wà nínú awọ tó ń kan ara kò gbọdọ̀ ju miligíráàmù 3 lọ nínú kìlógíráàmù kan. Awọ tí wọ́n fi èso bàgárúwà ṣe nílẹ̀ Hausa kì í lo kíròmù. Awọ ilé iṣẹ́ ńlá sábà máa ń lò ó. Kíròmù tí kò léwu ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá ṣe é dáadáa, tàbí tó pẹ́ nínú ooru, ó lè yí padà di èyí tó léwu. Ẹ gé etí awọ náà, kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀. Tó bá rí bí eérú tó fẹ́ jọ búlúù, kíròmù ni. Tó bá rí bí àwọ̀ ilẹ̀ jálẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti bàgárúwà. Ojú kò rọ́pò ilé àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ó máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa bi ẹni tó ń tà á.

Yúróòpù tún ń wo aró. Àwọn aró kan tí wọ́n ń pè ní azo lè tú èròjà tó ń fa jẹjẹrẹ sílẹ̀ lára aṣọ àti awọ. Òdiwọ̀n wọn ni miligíráàmù 30 nínú kìlógíráàmù kan. Aró ẹ̀lú kò sí lára wọn. Aró inú ọ̀rá tí wọ́n ń wọ̀n tà fún wa lọ́jà, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀. Tí olùtà ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ra tẹlòmíràn.

Ohun tó bá jẹ́ ike tó rọ̀, nínú ohun ìṣeré tàbí ohun tí ọmọ ọwọ́ ń lò láti fi sùn tàbí jẹun, Amẹ́ríkà ní oríṣi phthalate (èròjà tó ń mú ike rọ̀) mẹ́jọ tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kò gbọdọ̀ ju 0.1% lọ. Ẹ fi ike sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dán an wò nílé kẹ́ ẹ tó sanwó

Àyẹ̀wò ilé kì í ṣe ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n owó tó ti kó yọ fún mi kò kéré.

Ti ohun tó lè há ọmọ lọ́fun: ẹ ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà lu ihò mílímítà 32 sínú pákó, kí jíjìn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 58. Ihò tí àwọn òyìnbó ń lò jẹ́ 31.7 ní fífẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dagun láti 25.4 dé 57.1. Tiwa fẹ̀ díẹ̀, ó sì jìn délẹ̀. Ohun tó bá yege nínú tiwa á yege nínú tiwọn. Ohunkóhun tó bá wọ inú ihò náà tán pátápátá láìfi ipá tẹ̀ ẹ́ kò yẹ ọjà ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Ti fífà: ẹ wá ìwọ̀n ìfikọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn báàgì kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ fi okùn líle so ó mọ́ bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ fà á títí dé kìlógíráàmù 10, ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ìlànà Amẹ́ríkà fún ọmọ tó ti ju oṣù 18 lọ kò tó kìlógíráàmù 7, ti Yúróòpù sún mọ́ 9. Bọ́tìnnì tí ọmọ iṣẹ́ mi fi ẹ̀rọ rán já ní mẹ́fà. Èyí tí a fi ọwọ́ rán, tí a sì fi aṣọ kékeré gbè é lẹ́yìn, kò já.

Ti iná: aṣọ tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó gíráàmù 88 nínú mítà kan lóròó àti mítà kan níbùú, Amẹ́ríkà kò béèrè pé kí wọ́n dáná sun ún wò. Ẹ gé òfì sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wọn góòlù. Tó bá tó gíráàmù 0.88, ó ti kọjá. Òfì wa kọjá rẹ̀ dáadáa. Ẹ má kàn pè é ní aṣọ oorun nínú ìpolówó yín, torí aṣọ oorun ọmọdé ní òfin iná tirẹ̀, ó sì le.

Ti okùn: ẹ̀wù ọmọ tó ní ìborí kò gbọdọ̀ ní okùn fífà lọ́rùn tàbí lára ìborí náà. Okùn ti lọ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn rí, ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ti wọ́ ọmọ lọ rí. Òfin Amẹ́ríkà mọ sórí ẹ̀wù òkè, ṣùgbọ́n EN 14682 ti Yúróòpù kan ṣòkòtò pẹ̀lú. Ṣòkòtò olókùn wa yẹn? Rọ́bà ni mo ń fi sí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ilé àyẹ̀wò

Lórí ìkànnì CPSC, orúkọ gbogbo ilé àyẹ̀wò tí wọ́n fọwọ́ sí wà níbẹ̀, ẹ lè fi orílẹ̀-èdè àti irú àyẹ̀wò wá a. Ẹ má wo orúkọ ńlá nìkan. SGS, Intertek àti Bureau Veritas ní ẹ̀ka káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ sí, àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan sì ni. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí CPSC fi mọ ẹ̀ka tó máa yẹ tiyín wò. Èyí tó sún mọ́ wa ní ojú òfúrufú tó sì dáhùn kíákíá ló yẹ kẹ́ ẹ yàn.

Nínú lẹ́tà tẹ́ ẹ máa kọ sí wọn, ẹ fi àwòrán ọjà sí i, ọjọ́ orí ọmọ, orílẹ̀-èdè tó ń lọ, àti ìwé tí ẹ fa ìlà méjì sí yẹn. Ẹ sọ ohun tí òfin yọ sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n má bàa gba owó rẹ̀. Ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè fi bọ́tìnnì nìkan ránṣẹ́: òfin gbà kí wọ́n yẹ ẹ̀yà ara ọjà wò lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wá lo èsì kan náà fún oríṣi ẹ̀wù mẹ́wàá tó ń lo bọ́tìnnì kan náà láti inú páálí kan náà. Èmi àti ẹni mẹ́ta mìíràn la jọ ra páálí bọ́tìnnì kan, tí a jọ san owó àyẹ̀wò rẹ̀. Ohun tí à ń ṣe ní àjọ kò mọ sórí owó oṣù nìkan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ta ló ń fọwọ́ sí ìwé?

Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣì í níbí. Fún ọjà tó ń wọ Amẹ́ríkà láti ìta, ẹni tó ń gbé e wọlé níbẹ̀ ló ń kọ CPC, kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Tó bá jẹ́ àbúrò yín ní Houston lẹ fi orúkọ rẹ̀ kó ẹrù wọlé láti tà, òun gan-an ni òfin mọ̀. Ẹ pè é kẹ́ ẹ sọ fún un. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu aṣọ́bodè.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi kọ ọ́, ó sì lè má ju ojú ìwé kan lọ. Ohun méje ló ń wà níbẹ̀: ọjà náà, òfin kọ̀ọ̀kan tó kàn án, ẹni tó gbé e wọlé, ẹni tó ń tọ́jú èsì àyẹ̀wò, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe lè rí i, oṣù, ọdún àti ìlú tí a ti ṣe é, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, àti ilé àyẹ̀wò tó yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọjọ́ 8 oṣù Keje 2026, orí kọ̀ǹpútà ni òfin ní kí ẹni tó ń gbé ọjà wọlé ti máa fi ohun inú ìwé yìí ránṣẹ́ sí Kọ́sítọ́ọ̀mù wọn.

Ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ yí padà: ẹ̀yin tí ẹ ṣe ohun ìṣeré ni ẹ ń fọwọ́ sí ìwé ìkéde, ẹ̀yin lẹ sì ń tọ́jú fáìlì rẹ̀. Láti ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2024, ọjà gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó wà nínú Yúróòpù tó máa dáhùn fún un, kí orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára ọjà tàbí páálí.

Ìgbésẹ̀ keje: lébẹ̀ẹ̀lì

Amẹ́ríkà fẹ́ àmì tí kò ní ṣí lára ọjà àti lára ohun tí a fi dì í: ẹni tó ṣe é, ìlú, ìgbà tí a ṣe é, àti àmì ìdìpọ̀ iṣẹ́. Mo rán aṣọ funfun kékeré sí ẹ̀gbẹ́ inú ẹ̀wù, mo kọ OYO-0326-02 sí i: oṣù kẹta 2026, ìdìpọ̀ kejì. Tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀wù ogún tó jẹ́ ti ìdìpọ̀ yẹn ni wọ́n máa dá padà, kì í ṣe gbogbo ohun tí mo ti ń tà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wù tún ń béèrè "Made in Nigeria", iye òwú tó wà nínú rẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún, àti bí a ṣe ń fọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìwé tilé

Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ní NEPC, àjọ tó ń rí sí ọjà tó ń lọ sókè òkun, kí ẹ lè gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́jà-sókè-òkun. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti lè ṣe é. Báńkì yín ló máa bá yín ṣe fọ́ọ̀mù NXP, tí wọ́n fi ń kéde ọjà tó ń jáde. Ohun tí a gbẹ́ tàbí tí a fín lè nílò ìwé láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, NCMM, pé kì í ṣe ohun àtayébáyé. Igbá àti ohun tó wá láti ara ewéko, ẹ bi NAQS, àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò. Awọ tútù tí wọn ò tíì ṣe parí wà lára ohun tí Nàìjíríà fòfin dè láti kó jáde, ṣùgbọ́n bàtà tí ẹ ti rán tán kò sí lára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìwé tí eruku ò gbọdọ̀ bò

Ọdún márùn-ún ni Amẹ́ríkà ní kí wọ́n tọ́jú èsì àyẹ̀wò. Yúróòpù ní mẹ́wàá fún ohun ìṣeré. Mo ń ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, mo ń fi ránṣẹ́ sí íméèlì ara mi, bébà wà nínú àpótí irin. Páálí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, mo ń fi bọ́tìnnì mẹ́wàá rẹ̀ sínú ọ̀rá pẹ̀lú risíìtì.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, ni ọjà tí ẹ ṣì ń ṣe gbọ́dọ̀ padà sí ilé àyẹ̀wò. Tí ẹ bá sì pààrọ̀ nǹkan kan láàárín, ẹ má dúró de ọdún. Lóṣù tó kọjá, obìnrin tí mo ń ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀ ní tàtijọ́ ti tán, pé èyí tuntun "bákan náà ni, Ìyá Ṣadé, àwọ̀ kan náà." Mo gé ìwọ̀nba kan, mo fi sínú àpòòwé, ó ti wà lọ́nà ilé àyẹ̀wò. Aṣọ tó wà lórí òfì wa báyìí, òwú tó ṣẹ́ kù nílé la fi ń hun ún.